Láti Àárọ̀ Dé Òru Pẹ̀lú Ọgọ́ta Ojú Iná

Ọkùnrin tí a fẹ́ tẹ̀ lé káàkiri yìí kò ní orúkọ, nítorí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Mo to ọjọ́ rẹ̀ jọ láti ara ohun tí àwọn dókítà kọ sílẹ̀ nípa àwọn tó gba irinṣẹ́ Argus II sójú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún àwọn afọ́jú kan ní ìríran díẹ̀, bí irinṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí díẹ̀ nínú àwọn tó ń lò ó ti sọ ní gbangba. Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ náà sí ọdún 2016, ọjọ́ Jímọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún aráàlú lórílẹ̀-èdè ọ̀hún ní oṣù kìíní ọdún 2014, lẹ́yìn tí FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀, fọwọ́ sí i ní oṣù kejì ọdún 2013. Ọkùnrin náà ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ó níyàwó, ó bímọ, ọmọ náà sì ti bí ọmọkùnrin kan tí bàbá àgbà kò tíì fojú kàn rí.

Aago mẹ́fà àárọ̀

Ó jí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, ṣùgbọ́n bó mọ́ bí kò mọ́, ìkan náà ni lójú rẹ̀.

Retinitis pigmentosa ni àrùn tó gba ojú rẹ̀. Inú ìdílé ló máa ń bá wá, ó sì ń mú nǹkan bí ẹnì kan nínú 4,000 ènìyàn. Alẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ọmọdé tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré á bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu nǹkan tí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, àwọn òbí á sì máa bá a wí pé kò fara balẹ̀. Tó bá pẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú á máa ṣókùnkùn wọlé díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi ku ibi kékeré kan níwájú gan-an. Ní ti ọkùnrin yìí, ibi kékeré ọ̀hún ti pa dé kó tó pé àádọ́ta ọdún. Ó mọ ojú ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ìyàwó náà wà ní ọ̀dọ́. Bí ìyàwó náà ṣe ń dàgbà, etí ló fi ń gbọ́ ọ.

Aago méje

Ó wẹ̀ tán, ó jókòó sétí ibùsùn, ó mú awò ojú rẹ̀. Awò dúdú ni, kámẹ́rà bíńtín sì wà láàárín rẹ̀, lókè imú. Wáyà kan ti ara awò náà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan tó fi kọ́ bẹ́líìtì. Kámẹ́rà ń ya ohun tó wà níwájú, kọ̀ǹpútà ń sọ àwòrán náà di iná tó mọ níwọ̀n, iṣẹ́ náà á padà sí ara awò, á sì gba afẹ́fẹ́ kọjá láìsí wáyà sínú ẹ̀rọ tí wọ́n rán mọ́ ara ẹyinjú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ inú ojú lọ, síbi awẹ́ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ìṣó kékeré kàn mọ́ rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Ojú iná 60 ló wà lára awẹ́ náà: mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́fà ní òró.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n lára àwọn tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ṣì wà láàyè. Àwọn wọ̀nyí ni iná náà ń ta jí. Àmọ́ rẹ́tínà tó pé ní sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó lé ní 100 mílíọ̀nù, ojú iná 60 sì ni wọ́n ní láti fi dípò wọn. Ẹni tó bá fi ìyẹn sọ́kàn yóò lóye gbogbo ìyókù ọjọ́ yìí.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn, bíi tanátaná nínú igbó lálẹ́. Kò sí àwọ̀ níbẹ̀, kò sí ojú ènìyàn, kò sí lẹ́tà lára ìwé. Ohun tó bá mọ́lẹ̀ tàn, ohun tó bá dúdú kò tàn.

Aago mẹ́jọ

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ níbẹ̀ ní àkókò yìí nínú ọdún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rọra yí orí láti ọ̀tún sí òsì, ó sì yí i padà. Ẹni tó ríran, ẹyinjú ló máa ń yí. Òun kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ara awò ni kámẹ́rà wà. Bí ẹyinjú rẹ̀ bá yà sí ọ̀tún nígbà tí orí kọjú síwájú, ọpọlọ á gbé nǹkan náà síbi tí kò sí, ọwọ́ tó bá nà sí i á sì bọ́ sófo. Ẹyinjú gbọ́dọ̀ dúró gangan, kí orí máa ṣe ìrìn àjò náà.

Ibi tí kámẹ́rà ń mú fún un lẹ́ẹ̀kan náà kò gbòòrò. Ẹ na apá yín tán, ẹ ya ìka: láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Ohunkóhun tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀, ó ní láti wò ó ní ẹ̀là ẹ̀là, kó sì tò ó pọ̀ nínú orí.

Ìmọ́lẹ̀ tàn ní apá òsì, ó ga, ó dúró. Fèrèsé nìyẹn. Látorí fèrèsé ló ti mọ ibi tí òun kọjú sí, ó sì rìn lọ sídìí tábìlì láìfọwọ́ wá ògiri.

Kò lo kámẹ́rà láti po kọfí. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí ṣúgà wà, etí rẹ̀ sì mọ ìgbà tí ife fẹ́ kún. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí irinṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ àti etí bá ti ń ṣe dáadáa, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọwọ́ àti etí.

Aago mẹ́sàn-án

Aṣọ tí wọ́n fọ̀ lánàá ti gbẹ. Ìbọ̀sẹ̀ ni tirẹ̀ láti ṣà: funfun, eléérú, dúdú. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì.

Ó gbé ọ̀kan sílẹ̀, ó sì fa ọwọ́ kúrò, torí ọwọ́ òun náà ń tàn. Ó yí orí lọ, ó yí i bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ pọ̀: funfun ni. Ó gbé e sọ́tùn-ún. Ó mú èkejì. Ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀, kò sì dá a lójú. Ó tún orí yí, ó sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn: eléérú ni. Ó gbé ẹ̀kẹta sílẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó na ọwọ́, ó fi kàn án láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Dúdú ni.

Ìbọ̀sẹ̀ ṣíṣà wà lára ohun tí àwọn olùwádìí ní kí àwọn tó ń lo Argus II ṣe, pẹ̀lú wíwá ẹnu ọ̀nà àti títọ ìlà lórí ilẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ pé lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn pé kí ló wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti ń bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà láràárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó wọ méjì tó bára mu, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀

Ó jáde. Ọ̀pá funfun wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ní kámẹ́rà lójú.

Sìmẹ́ǹtì etí títì mọ́lẹ̀, koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé ló ń tọ̀, ó ń yí orí bó ṣe ń rìn. Nígbà tí kò ní ju ọ̀pá lọ, ó ní láti máa kan etí koríko ní gbogbo ìgbà kó lè mọ̀ pé òun ò tíì yà kúrò. Ní báyìí, ó ń rìn ní àárín ọ̀nà.

Ó dé abẹ́ igi kan. Ìmọ́lẹ̀ pòórá lójijì. Ó dúró, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀: sìmẹ́ǹtì ṣì wà. Òjìji igi lásán ni. Kámẹ́rà kò mọ òjìji yàtọ̀ sí kòtò, ọ̀pá ló mọ̀ ọ́n. Ó kọjá.

Ní oríta, ìlà funfun tí wọ́n fi kun títì ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yí orí, ó sì fi mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ṣùgbọ́n etí ló fi gbọ́ pé mọ́tò ti dúró kó tó gbé ẹsẹ̀. Kò jẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ojú iná 60 lọ́wọ́, àwọn tó ń kọ́ ọ pàápàá kò sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Aago méjìlá ọ̀sán

Ó dé ilé ìwòsàn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún un kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ pé ọjọ́ tí wọ́n bá tan irinṣẹ́ náà, ẹ̀kọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Ojú iná kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti dán wò láti mọ bí iná tí yóò gbé ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ó tó rí nǹkan, torí ojú ẹnì kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹlòmíràn.

Lónìí, lẹ́tà funfun ńlá ni wọ́n gbé sójú kọ̀ǹpútà dúdú. Obìnrin tó ń kọ́ ọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra, bàbá. Orí ni kí ẹ yí, ẹ jẹ́ kí ẹyinjú dúró."

Ó yí orí láti òkè wá sílẹ̀: ìlà kan tó nàró. Ó yí i láti òsì sí ọ̀tún nísàlẹ̀: ìlà kejì. Ó tún un ṣe lókè: kò sí nǹkan níbẹ̀.

"L ni."

"L ni lóòótọ́."

Àwọn kan nínú àwọn tó ń lo Argus II dé ibi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ kúkúrú báyìí, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì. Síbẹ̀, ojú tó ríran jù lọ nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún irinṣẹ́ náà wà ní 20/1260. Ohun tí olójú pípé lè dá mọ̀ láti 1,260 ẹsẹ̀ bàtà, olúwarẹ̀ ní láti sún mọ́ ọn dé 20 ẹsẹ̀ bàtà. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wà ní 20/200 ti di afọ́jú. Afọ́jú ni ọkùnrin yìí ṣì jẹ́ lójú òfin. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó wà nínú ìdánwò náà fọwọ́ kan àmì funfun lójú kọ̀ǹpútà dúdú, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 89 nínú 100 wọn ló ṣe dáadáa nígbà tí irinṣẹ́ wà ní títàn ju ìgbà tí wọ́n pa á lọ. Òótọ́ ni méjèèjì.

Aago méjì

Ó délé, ó pa irinṣẹ́ náà, ó yọ awò. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àfi kí ó máa fi ọkàn tú gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá tàn, ọkàn náà sì ń fẹ́ ìsinmi. Ó dùbúlẹ̀.

Bó ṣe ń sinmi, ẹ jẹ́ kí n bá àwa tó wà nílé, ní Nàìjíríà, sọ̀rọ̀, torí mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀: ṣé wọ́n lè fi í sójú màmá mi? Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn afọ́jú tó ti pé ogójì ọdún sókè, cataract ló fọ́ ojú nǹkan bí 43 nínú 100, glaucoma sì fọ́ ti nǹkan bí 17. Bí ó bá jẹ́ cataract, dígí inú ojú ló di funfun, rẹ́tínà lè wà ní pípé lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ kékeré tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà lójoojúmọ́ lè yọ ọ́, kí wọ́n sì fi dígí mìíràn sí i, màmá á sì rí ojú ọmọ rẹ̀ kedere ju bí ọkùnrin Michigan yìí ṣe lè rí ohunkóhun lọ. Ẹ má dúró de kámẹ́rà fún ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ glaucoma, iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ló ń kú, Argus II kò sì wúlò níbẹ̀, torí iṣan yẹn náà ló gbára lé. Oògùn tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń lò déédéé, ló lè dá èyí tó kù sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn agbára tó ń ti ojú yín láti inú, pàápàá bí ẹnì kan nínú ìdílé bá ti fọ́jú báyẹn.

Aago mẹ́rin ààbọ̀

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé láti ilé ìwé. Bàbá àgbà ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta. Ó wọ awò rẹ̀ padà, ó tàn án.

Ọmọ náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àga tó wà nínú yàrá sì dúdú. Nǹkan kan tó ń tàn sáré láti òsì sí ọ̀tún. Bàbá yí orí tẹ̀ lé e. Nǹkan náà dúró, òun náà dúró.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ibi tí o wà."

Irinṣẹ́ yìí kò fi ojú ọmọ náà hàn án, kò sì ní fi hàn án láé. Kò ní mọ bóyá ọmọ náà jọ ọ́, tàbí eyín wo ló ká. Ohun tó gbà nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí ọmọ náà bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó lè kọjú sí i. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú afọ́jú rí mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí bàbá ẹni bá ń bá ògiri sọ̀rọ̀, tí ẹni sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó jókòó, ó ń ròyìn ilé ìwé, bàbá sì kọjú sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Ilẹ̀ ti ṣú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ bọ́ síta, wọ́n dúró níwájú ilé. Ó yí orí, ó nawọ́.

"Iná kan nìyí. Òmíràn rè é. Èyí tó jìnnà nìyẹn."

"O ò fo ọ̀kankan," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Iná títì ni. Lọ́sàn-án, ohun gbogbo ló ń tàn díẹ̀, tó sì ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Lálẹ́, ohun tó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyókù dúdú, ojú iná 60 sì mọ èyí tí yóò ṣe. Alẹ́ ni àrùn náà kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọdé. Alẹ́ yìí kan náà ni irinṣẹ́ náà ti ń fún un ní èsì tó dájú jù lọ.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Ó yọ awò, ó yọ bátìrì kúrò lára kọ̀ǹpútà bẹ́líìtì, ó fi í sídìí iná. Ẹ̀rọ tó wà nínú ojú kò ní bátìrì tirẹ̀. Ohun tó wà níta ló ń fún un ní iná, bí ti ìta kò bá sì ṣiṣẹ́, ti inú di irin lásán.

Nígbà náà, owó irinṣẹ́ náà tó nǹkan bí $150,000, láì tíì ka ti iṣẹ́ abẹ àti ti ẹ̀kọ́. Ó sì ní ewu. Nínú 30 ènìyàn tó wà nínú ìdánwò àkọ́kọ́, 12 ló ní ìṣòro tó le láàárín ọdún márùn-ún, lára rẹ̀ ni kí awọ tó bo ojú jẹrà kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ọ̀hún, irinṣẹ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lójú 24 nínú wọn. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo èyí kó tó buwọ́ lu ìwé. Ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹni tó bi í, tí òun náà kò sì bi ẹnikẹ́ni: bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá kógbá wọlé ńkọ́?

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e

Second Sight ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nígbà yẹn, ní ìpínlẹ̀ California ló sì wà. Ní 2019, ó dáwọ́ Argus II dúró, ó ní òun fẹ́ gbájú mọ́ irinṣẹ́ mìíràn tí yóò lọ sínú ọpọlọ tààrà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ó dá èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti lé ní 350 ènìyàn káàkiri ayé tó ti gba irinṣẹ́ náà sójú. Nígbà tí ìwé ìròyìn IEEE Spectrum gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde ní oṣù kejì ọdún 2022, a kà nípa ẹni tí kọ̀ǹpútà bẹ́líìtì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tó fọ́, tó wá di pé ó ń wá òmíràn lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. A kà nípa ẹni tí dókítà fẹ́ ya àwòrán orí rẹ̀ nítorí àìsàn mìíràn, tí kò sì rí ẹni tí yóò bi ní ilé-iṣẹ́ náà.

Ìmọ̀ náà kò dúró. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, àbájáde ìdánwò irinṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ PRIMA jáde. Awẹ́ tó jẹ́ mìlímítà méjì sí méjì ni, abẹ́ rẹ́tínà ni wọ́n ń fi í sí, kò sì ní wáyà kankan. Àwọn àgbà tí ọjọ́ ogbó ti ba àárín ojú wọn jẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ènìyàn 38 ló gbà á ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù. Nínú 32 tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan, ojú 26 ti sàn dé ìwọ̀n tó hàn gbangba, ọ̀pọ̀ sì ń ka nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ nínú ilé wọn. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ Pixium Vision, ilé-iṣẹ́ Faransé tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà, ti wọ gbèsè kí àbájáde tó jáde, ilé-iṣẹ́ Science Corporation ní Amẹ́ríkà ló sì ra iṣẹ́ náà ní 2024. Ọpẹ́ ni pé ẹni tí yóò rà á wà.

Ẹni tó bá wo ọjọ́ kan yìí dáadáa yóò rí i pé kò sí wákàtí kan tí irinṣẹ́ náà dá ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ló ń yí orí, òun ló ń tẹ́ aṣọ dúdú, òun ló ń fi ọ̀pá yẹ òjìji wò, òun ló ń to ẹ̀là ẹ̀là pọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ti ṣe ipa tirẹ̀, yóò sì máa ṣe é títí ayé rẹ̀. Ó yẹ kí ipa ti òdìkejì gùn tó bẹ́ẹ̀. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí irinṣẹ́ tí wọn yóò kàn mọ́ inú ojú ènìyàn, kí wọ́n gba ìwé àdéhùn tó sọ ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti lẹ́yìn ogún ọdún, ibi tí owó rẹ̀ wà, àti ẹni tí àṣírí bí wọ́n ṣe ṣe é yóò bọ́ sí lọ́wọ́ bí ilé-iṣẹ́ náà bá kú. Bí wọn kò bá lè kọ ìyẹn sílẹ̀, kí wọ́n má ṣe gé ojú ẹnikẹ́ni.